Bí Mo Ṣe Kó Ìgò Ẹlẹ́yẹlé Padà sí Kúje

Ojú mi méjèèjì tí ẹ mọ̀ yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, rédíò kò sì sọ ọ́ fún mi. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé jù mí lọ ní Ṣakí, ta ni nínú wọn ló ti dé Kúje ní Èkó? Ta ni nínú wọn ló ti jókòó ti Bàbá tó ni Kólà Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n jọ bu ẹ̀bà nínú abọ́ kan náà? Èmi Káríìmù Àjàní ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí ní ọ̀nà mìíràn, kó kọ́kọ́ lọ síbi tí mo lọ.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Nítorí àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Kólà Ẹlẹ́yẹlé jẹ́ mínírà dúdú kan tó dùn, tó sì ń ta lẹ́nu díẹ̀ bí atalẹ̀. Wọ́n ya ẹyẹlé funfun kan sórí ìdérí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ tà á ní Ṣakí, kò sí ẹlòmíràn. Ọdún tí a bí Sàkírá, àkọ́bí mi, ni ọkọ̀ Bàbá tó ń ṣe mínírà náà bàjẹ́ síwájú ilé mi gan-an. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wọ̀ sí títí irin tí wọ́n ránṣẹ́ sí fi dé láti Ìbàdàn, ìsọmọlórúkọ sì bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí àáfà ní ká gbé oyin wá, a ṣí oyin, èèrà ti kún inú rẹ̀ bí ẹni pé àwọn la pè wá sí ìkómọ. Omi fẹ́ bọ́ lójú ìyá Sàkírá. Bàbá dìde, wọ́n lọ sídìí ọkọ̀ wọn, wọ́n mú ìgò kan wá.

Wọ́n ní, "Obì wà nínú rẹ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

Ìyá Sàkírá ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ lá ètè. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ ọmọ kankan lórúkọ mọ́ ní àdúgbò wa kó má tọ́ Ẹlẹ́yẹlé wò. Nígbà tó yá, ó kárí ìlú. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí ìgò náà. Kì í fi eyín ṣí i, kì í fi agbára ṣí i. Ìdí ṣíbí ló fi ń rọra tì í sókè yípo, díẹ̀díẹ̀, kí ìdérí má baà tẹ̀, nítorí ìdérí yẹn ti di ti ọmọ. Inú àpótí aṣọ ọmọ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí títí yóò fi dàgbà.

Ó wá di ọdún tí ohun gbogbo wọ́n, tí àwọn àgbà ń tò sórí ìlà nítorí ṣúgà. Ọkọ̀ Ẹlẹ́yẹlé kò wá mọ́. Oṣù ń gorí oṣù. Àwọn ènìyàn ní ilé iṣẹ́ náà ti kú. Mo ní irọ́ ni. Mo ní èmi mọ Bàbá, Bàbá mọ̀ mí, ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ tí nǹkan le kó yẹrí. Bí mo ṣe ń fọ́nnu báyìí kiri ìlú ni Sàkírá lóyún, ọmọ tó ti ń retí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Nígbà tí oyún náà ti yọ dáadáa, ó wá bá mi ní ìsọ̀. Kò jókòó.

"Bàbá, gbogbo ẹgbẹ́ mi, ọmọ wọn ló tọ́ ọ wò."

"Mo mọ̀."

"Orí mi sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Mo ní mo mọ̀, Sàkírá."

"Ká ní ìyá mi wà ni, mi ò ní yọ yín lẹ́nu."

Ìyá rẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Mo ní kó lọ sinmi. Mo ní kí ọmọ náà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé, Ẹlẹ́yẹlé á wà nílé.

Ẹ̀yin náà mọ òfin mínírà: ẹni tí kò bá gbé ìgò òfìfo wá, kò ní gbé èyí tó kún lọ. Mo wá kéde kiri àdúgbò pé kí wọ́n kó gbogbo ìgò Ẹlẹ́yẹlé tó ṣẹ́kù wá, kí wọ́n sì kó wọn wá tìdérítìdérí. Ta ló máa gba ìgò tí kò lórí lọ́wọ́ mi? Àwọn obìnrin kùn. Ìyá Mọ́nsúrù tó wà lójúde kejì sí tèmi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera.

"Àjàní, ìdérí ọmọ mi lo fẹ́ kó lọ sí Èkó?"

Mo ní, "Á padà wá, mínírà á sì wà lábẹ́ rẹ̀."

"Bí kò bá padà wá ńkọ́?"

"Ṣé mo ti purọ́ fún ọ rí?"

Ó wò mí títí. "Nítorí Sàkírá ni o," ló wí, ó sì lọ tú àpótí.

Nítorí Sàkírá ni gbogbo wọn ṣe mú un wá. Kéréètì méjì ló kún. Wọ́n fọ ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá ìdérí padà sórí rẹ̀, wọ́n sì fi òwú dè é kó má baà jábọ́. Sàkírá náà mú tirẹ̀ wá, ìdérí àkọ́kọ́ pàá. Ìyẹn kò bá ti àwọn yòókù lọ. Mo dì í sí etí áńkáṣíìfù, mo tì í bọ àpò inú. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé àṣìṣe aláìmọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ìdérí yẹn. Ẹ ka ìwé yìí dé ìparí ná.

Máìlì Tú

Èkó kì í kí ènìyàn káàbọ̀. Ó kàn máa ń yẹ̀ fún ọ díẹ̀ kó o lè wọlé ni. Ìgbà àwọn sójà tí wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú máa tò sórí ìlà ni. Ní Máìlì Tú, mo rí bàbá arúgbó, mo rí obìnrin tó fi góòlù sọ́rùn, wọ́n to ara wọn lẹ́yìn bí ọmọ ilé kéwú, wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì. Èmi kì í tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ní Ṣakí. Mo gbé kéréètì mi, mo gba iwájú lọ. Obìnrin kan tó ru ẹrù iṣu dì mí láṣọ mú.

"Bàbá, ibo lẹ ń lọ?"

"Àlejò ni mí."

"Ta ni kì í ṣe àlejò níbí? Gbogbo wa la ti ibì kan wá. Ẹ lọ tò sẹ́yìn."

Mo lọ tò sẹ́yìn. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nílé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, ìlà tí wọ́n fi ń yangàn náà dà? Gbogbo wọn ya lu ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan fi ìgúnpá gbá fìlà mi lọ, ẹlòmíràn ti kéréètì òkè ṣubú. Mo gbọ́ ìró ìgò. Irú ìró yẹn máa ń wọ ènìyàn nínú eegun.

Bọ́ọ̀sì lọ. Ẹni tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú mi ni obìnrin oníṣu yẹn. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú àfọ́kù, ó ń ṣa àwọn tó ṣì dára. Ó mú ìdérí kan tó ti já kúrò lórí ìgò tó fọ́, ó wo òwú ara rẹ̀.

"Kí lẹ dè wọ́n lórí sí báyìí, bí ẹni dé fìlà fún ọmọ tuntun?"

Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣa gbogbo ìdérí tó wà nílẹ̀, ó nù wọ́n sí ìró rẹ̀, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Fìlà mi, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ di nǹkan mìíràn, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú tí ilé jọra

Ọ̀dọ̀ Tìmótì ni mo wọ̀ sí ní Fẹ́sítáàkì. Ọmọ Ṣakí ni, àdúgbò wa náà ni, àbúrò mi ló jẹ́. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń lọ, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé. Ilé gogoro kan ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́lá. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn jọ tiwọn. Èyí tó tẹ̀ lé e jọ méjèèjì. Òpópónà wọn kò lórúkọ àgbà kankan, nọ́ńbà ni wọ́n fún un, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ewúrẹ́. Mo bi Tìmótì bí ẹni tó bá ṣàárẹ̀ ojú ṣe ń mọ ilé rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ló máa ń fa òun wọlé.

Ẹ gbọ́ ìwà wọn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á jáde, wọn á ti ilẹ̀kùn onírin, wọn á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan kò ní kí ẹnì kan. Mo gbé àga síbi àtẹ̀gùn, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Ọkùnrin kan tó so táì sọ́rùn ní "Mọ́nìn" láìyọ eyín. Mo ní, "A à jí bí? Aya ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó dúró, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní wọ́n wà. Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ kí mi. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé ọmọ wá kó wá kí bàbá àtẹ̀gùn. Èmi ni mo kọ́ ilé yẹn bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, ẹ lè béèrè.

Ní ti oúnjẹ, Ìyá Bọ́lá tọ́jú mi. Ẹja tútù láti etí òkun, ìrẹsì, ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ kò ti wọ̀. Ọ̀sán tí mo dé, ó ṣí fíríìjì, ó gbé kólà òyìnbó kan síwájú mi, omi ń ṣàn lára ìgò rẹ̀. Mo wò ó. Mo fi ìka kan tì í padà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ó tutù o."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀fun mi gbẹ bí ìṣasùn tó dojú dé. Ṣùgbọ́n ṣé kí n gbé ẹyẹlé òfìfo kéréètì méjì sẹ́nu ọ̀nà, kí n wá máa mu ti ẹlòmíràn?

Tìmótì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sinmi. Ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n ti tì í."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi ni. Mo máa ń kọjá níbẹ̀."

"O kọjá. Ṣé o wọlé?"

Ó ní rárá.

"Nígbà náà, o ò mọ nǹkan kan. Mú mi débẹ̀."

Lẹ́nu géètì

Ògiri gígùn kan ni, ní Àmúwò, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Wọ́n ya ẹyẹlé ńlá sára rẹ̀, òjò ti fọ orí rẹ̀ lọ, ó ku ìyẹ́. Ṣéènì wà lẹ́nu géètì, koríko ti gba àárín ṣéènì yọ. Fọkanáísà kan tẹ́ àwọn táyà rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀kan. Mo gbé kéréètì mi kalẹ̀. Mo kan géètì.

Fọkanáísà ní, "Bàbá, ta lẹ ń kàn án fún? Aláǹgbá?"

Mo ní, "Mo wá gba mínírà. Ìgò mi pé."

Ó dìde, ó wá wo inú kéréètì. Ó tú òwú kan. Ó wo ojú mi, ó wo ojú Tìmótì tó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ tún kó ìdérí wá? Ẹ kúkú kó ìgùfẹ̀ tí wọ́n gù lẹ́yìn rẹ̀ wá náà."

Àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ará òkè ni, ẹ fi í sílẹ̀." Mo dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Mo rí ojú Sàkírá nínú ìsọ̀ mi. Mo rí Ìyá Mọ́nsúrù níbi tó ti káwọ́ gbera.

Mo ní, "Bàbá tó nibí dà? Wọ́n mọ̀ mí."

Ẹ̀rín fọkanáísà dáwọ́ dúró. "Ẹ mọ Bàbá?"

"Inú ilé mi ni wọ́n sùn."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa tọ ọ̀nà yìí lọ sí Kúje. Ẹ béèrè ilé onípákó tó ní igi àgbọn lẹ́yìn. Wọ́n ò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kéréètì kan lé orí, ó sì sìn wá dé ìdajì ọ̀nà. Kò gba ọpẹ́.

Èèrà inú oyin

Ilé àtijọ́ ni àwọn ilé Kúje, wọ́n ti wà kí wọ́n tó la títì kankan sí Fẹ́sítáàkì. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ níbẹ̀, ẹja wà lórí àjà, wọ́n ń yan án. Bàbá jókòó lórí àpótí níwájú ilé. Ẹran ara wọn ti lọ, ṣùgbọ́n imú yẹn ni, etí yẹn ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó wọn, ìyá àgbà kan tó ń ṣa ìrẹsì, ní ká dìde.

Bàbá wò mí. "Ta ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Àjàní, Ṣakí."

"Àjàní wo?"

Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi sọ fún gbogbo ayé pé ẹni yìí mọ̀ mí. Tìmótì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹja. Bàbá yí ojú sí kéréètì, wọ́n nawọ́, wọ́n mú ìgò kan, wọ́n fi àtàńpàkò nu orí ẹyẹlé náà.

"Ṣakí," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Ṣakí. Èèrà wọ inú oyin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ó ti fẹ́ bímọ, Bàbá. Òun ló rán mi wá."

Wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn Ẹlẹ́yẹlé láti ẹnu ẹni tó ni ín. Nígbà èwe wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Òyìnbó kan fún wọn ní mínírà dúdú mu, wọ́n bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní obì ni. Wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

"Obì? Èyí tí ìyá mi ń tà ní Ṣágámù? Wọ́n gbé obì wa gun ọkọ̀ ojú omi lọ, wọ́n sọ ọ́ di omi, wọ́n tún gbé e padà wá tà fún wa? Mo ní kò burú. Èmi náà á sè é."

Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ sè é, inú ìgò tí àwọn aláìsàn ti mu oògùn inú rẹ̀ tán ni wọ́n sì kọ́kọ́ dà á sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé nítorí pé ìgò náà gbọ́dọ̀ padà wálé, ibi yòówù kó fò dé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Fẹ́sítáàkì, òun ni àwọn lébìrà ń mu. Nígbà tí gbogbo aláwọ̀ dúdú ayé péjọ fún àjọ̀dún, àwọn tó ti òkè òkun wá mu ún. Bàbá ní obìnrin kan gbé ìgò náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí ooru, ó sì ń sunkún, àwọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn débi táwọn á fi bi í pé kí ló dé.

Mo ní, "Kí ló wá dé tó fi dúró, Bàbá?"

Wọ́n tọ́ka sí ìdérí tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Èyí ni. Obì wà. Omi wà. Òkè òkun la ti ń ra ìdérí, ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń jẹ́ ká kó o wọlé kò sì dé. Mo lọ, mo bọ̀, mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn. Ìgò wà nílẹ̀, mínírà wà nínú ìkòkò, kò sí nǹkan tá a máa fi dé e. Ìdérí ló pa mí, Àjàní. Ohun tí mo ń rí tí wọ́n ń jù sílẹ̀ kiri títì."

Wọ́n yí ìdérí náà padà, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n fi ìka yí etí rẹ̀ po. Wọ́n tú òmíràn. Wọ́n tún tú òmíràn. Wọ́n pe ìyàwó wọn.

"Wá wò ó. Kò tẹ̀."

Ìyá àgbà gbé e sún mọ́ ojú. "Ta ló ṣí i?"

Mo ní, "Àwọn ìyá ọmọ ni."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, irú ìwò tí tọkọtaya tó ti pẹ́ máa ń wo ara wọn. Bàbá dìde, wọ́n wọ inú ilé, wọ́n sì wọ́ ẹ̀rọ onírin kékeré kan jáde lábẹ́ ibùsùn, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ń tẹ̀, tí wọ́n fi ń dé ìgò kó tó di pé ilé iṣẹ́ dé. Wọ́n fẹ́ eruku orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ní àṣìṣe ni. Ta ni kì bá kó ìdérí lọ?

Ìkòkò

Kúje ni mo ń sùn láti ọjọ́ náà. Tìmótì padà sílé rẹ̀. Ìyá àgbà gún obì, ó rẹ ẹ́ sómi. Atalẹ̀ wà nínú ìkòkò kan tó ti ń hó fúnra rẹ̀, nítorí Bàbá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú mínírà ní ilé iṣẹ́ ti lọ, bí àwọn ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ làwọn máa ṣe é. Wọ́n yọ́ ṣúgà tí wọ́n fi pamọ́ títí tó fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó sídìí iná, mi ò ṣẹ́jú. Mo rí bí wọ́n ṣe da obì mọ́ ọn, mo rí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sí i, mo rí ìgbà tí wọ́n fẹ́ iná dín. Nígbà náà ni Bàbá ní, "Àjàní, bá mi pọnmi wá." Mo sáré lọ sí kànga. Nígbà tí mo dé, mínírà inú ìkòkò ti dúdú kirikiri, ó sì ń ta sánsán tí mo mọ̀, sánsán ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

A dà á sígò. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Bàbá ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, mo ní kí n gbà á, wọ́n ní kò sí ẹni tí í bá ènìyàn wẹ ọmọ rẹ̀. Àwọn ìdérí kan ya, a sọ wọ́n nù. Ó ṣẹ́ku ìgò kan, kò sì sí ìdérí mọ́.

Bàbá ní, "Ká máa mu èyí nìyẹn."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò inú. Mo tú etí áńkáṣíìfù. Mo dì í mú díẹ̀, nítorí òun ni mo rí lọ́wọ́ ìyá Sàkírá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìka rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lójú tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e kalẹ̀ fún Bàbá. Wọn ò béèrè ti ta ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí rẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan orí ọmọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mú. Mo so òwú pupa mọ́ ọrùn ìgò yẹn.

A kó wọn sínú oòrùn kí afẹ́fẹ́ lè wú nínú wọn. Ibẹ̀ ni Tìmótì ti sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ Ṣakí wá o. Sàkírá ti bí. Ọkùnrin. Ọjọ́ ti ń lọ o."

Mo dìde, mo fẹ́ kó ẹrù. Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n ní bí mo bá gbé e báyìí, omi dúdú lásán ni mo gbé lọ, kò ní ta lẹ́nu. Mo ní ọjọ́ kò dúró de ènìyàn. Wọ́n ní mínírà náà kì í dúró de ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣáájú oòrùn. Ẹ wo ìjà tó wà nínú mi: kí n dé lásìkò pẹ̀lú omi, àbí kí n pẹ́ dé pẹ̀lú Ẹlẹ́yẹlé? Mo jókòó. Èmi tí mi ò lè dúró lórí ìlà, mo jókòó ti ìgò, mo ń yí wọn padà sí oòrùn bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn. Nígbà tí Bàbá gbé ọ̀kan sókè wo, tí wọ́n ní "Máa lọ," mi ò jẹun kí n tó lọ.

Ní etí títì, mo ní kí wọ́n mú ìgò kan, tiwọn. Wọ́n kọ̀.

"Tí mo bá ti ń tọ́jú ẹyẹlé sínú àgò, ta ló máa máa padà wálé?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe juwọ́ sí mi, wọn ò wọlé títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

Ilé

Òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ gan-an ni mo wọ Ṣakí. Àáfà ti jókòó. Wọ́n ti gbé oyin kalẹ̀. Sàkírá rí mi lẹ́nu ọ̀nà, orí mi ṣófo, kéréètì wà ní èjìká mi. Ó nawọ́ sí ṣíbí.

Mo gbé èyí tó ní òwú pupa fún un. Ó wo ìdérí rẹ̀, ó wò mí, ó mọ̀ ọ́n. Ó fi ìdí ṣíbí tì í yípo, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é. Ìgò náà mí. Gbogbo ilé gbọ́ ọ bó ṣe mí. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ọmọ fajú ro, nítorí ó ta á, lẹ́yìn náà ló lá ètè.

Mo pín àwọn ìgò yòókù fún àwọn tó ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ariwo ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, nítorí ìdérí ti dàrú mọ́ra lábẹ́ ẹ̀rọ Bàbá, kò sí ìyá tó lè tọ́ka sí ti ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Mọ́nsúrù dúró ti kéréètì, ó wò wọ́n títí. Ó wá mú ọ̀kan láìṣà á.

Ó ní, "Ọmọ wa náà ni gbogbo wọn. Àjàní, o ò purọ́."

Nígbà tí ọdún yí po, Tìmótì wálé, ó sì sọ fún mi pé Bàbá ti sùn, wọn ò sì jí. Mo bi í bóyá Ìyá àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó ní òun ti béèrè. Ó ní ìyá náà sọ pé Bàbá máa ń rán òun náà lọ pọnmi.

Èyí ni ohun tí a sọnù lórí ìrìn-àjò náà. Fìlà mi kan, ní Máìlì Tú. Ìgò mẹ́sàn-án, níbẹ̀ náà. Ìdérí mẹ́wàá tó ya lábẹ́ ẹ̀rọ. Orúkọ ọmọ tó ni ìdérí kọ̀ọ̀kan tó kù, gbogbo rẹ̀, àfi ti Sàkírá. Bàbá fúnra wọn. Àti ohun kan tó wọ inú ìkòkò nígbà tí mo wà nídìí kànga.